Ejò Tí Àpò Wa Ká

Èkúté ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a jí, a rí i pé orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀kan nínú wa ti di ìtẹ́ eku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé wọ́n kàn jẹ ẹ́ létí o. Wọ́n ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì bímọ sórí rẹ̀. Ojú ewé tí alábòójútó ti fi bírò pupa kọ "tún èyí wò" sí nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn.

Àwa mẹ́ta là ń gbé yàrá kan ní Àgbọ̀wọ́, ní Ìbàdàn: ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ọmọ Òkè-Ògùn kan, ọmọ Oǹdó kan. Èdè Yorùbá ni gbogbo wa ń kà, ọdún kẹrin la sì wà. Ilé náà ní yàrá mẹ́jọ, ilé ìdáná kan, àti ilé ìkẹ́rù kékeré kan lẹ́yìn tí igi ìdáná Màmá onílé kún inú rẹ̀. A ti dẹ pańpẹ́. Èkúté jẹ ẹja orí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. A ti lẹ gọ́ọ̀mù eku mọ́lẹ̀. Alángbá ló mú. Ọmọ Oǹdó kò gbà ká lo oògùn eku, nítorí ọmọdé mẹ́fà ló ń sáré nínú ọgbà ilé náà. Màmá onílé kò fẹ́ ológbò. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ Òkè-Ògùn, tó ti ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń sin ejò láti bí oṣù mélòó kan, wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká sin ejò."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, a rí i pé kò sí ẹni tó sọ pé rárá.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù báyìí, àwọn mìíràn ti ń ṣe àúsùbílláhì. A ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwa náà la máa ń pa òwe ejò nínú kíláàsì bí ẹni pé ilé kan náà la ti jọ dàgbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? A lè tú òwe yẹn sí wẹ́wẹ́ nínú ìdánwò, ká sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níwájú wa, kò sí ẹni tó lè fi ìka tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ọká nínú wa. Ìyẹn dùn wá ju ti orí kejì lọ.

A dá owó jọ, ó jẹ́ ₦50,000. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni akápò, kò sì sí ẹni tó du ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú ìwé, ó kọ ohun tí a ń wá. Ejò náà kò gbọdọ̀ ní oró. Kò gbọdọ̀ tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé. Kò gbọdọ̀ nílò iná NEPA, nítorí àwa fúnra wa kì í rí i lò. Oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n ju oúnjẹ tiwa lọ. Òfin kò gbọdọ̀ mú wa nítorí rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ògùn wá fi ìkẹfà kún un: kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé ń sìn. Ó ní bí a bá fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ládùúgbò yìí, ká kúkú ṣe é dé ojú àmì.

Méjì ni ejò tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ejò ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́kọ́ ni corn snake, ejò aláwọ̀ ọsàn kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ nìkan lè san owó ilé wa, nítorí náà a kò pẹ́ lórí rẹ̀. Èkejì ni ball python, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí tiwa ni. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, kò lóró, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tí yóò fi orí pamọ́ sí àárín. Ní ilé ọmọ Òkè-Ògùn, mọ́námọ́ná ni wọ́n ń pè é. Ní ti ọmọ Oǹdó, erè ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní òjòlá ni gbogbo wọn, àti kékeré àti ńlá. A jiyàn dé ààjìn, ẹni kan kò gbà fún ẹnì kejì.

Ó yà wá lẹ́nu bí ejò yìí ṣe rìnnà tó. Láti Benin, Togo àti Ghana ni wọ́n ti ń kó o lọ sókè òkun lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún. Àwọn oníṣòwò á wá ihò tí abo rẹ̀ ti ń sàba, wọ́n á kó ẹyin náà lọ pa nínú ọgbà wọn, wọ́n á sì fi àwọn ọmọ ránṣẹ́. Lọ́hùn-ún, àwọn tó ń sìn ín ti mú un gun ara wọn títí ó fi di aláràbarà: òmíràn funfun báláú, òmíràn yẹ́lò, òmíràn tó-tò-tó bí ẹtù. Owó tí wọ́n ti ta ẹyọ kan rí, ó lè ra ọkọ̀. Ní Ouidah, ní Benin, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ti ń gbé fàlàlà. Bí ọ̀kan bá yà wọ ilé aládùúgbò, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n á gbé e padà. Ní ọjà tí àwa lọ ní Ìbàdàn, gbígbẹ la bá a, wọ́n ká a mọ́ inú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀bọ.

Ọdẹ kan tí wọ́n júwe fún wa ní òun lè mú ààyè rẹ̀ wá ní ₦15,000. Ojú ọmọ Ìjẹ̀bú tàn. Ọdẹ náà béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn?" A ní a fẹ́ sìn ín ni, sà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ yín yìí, ó lọ́wọ́ kan ejò nínú."

Ṣùgbọ́n a kò rà á. Ọdún 1974 ni Nàìjíríà ti wọ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, èyí tó ń ṣàkóso òwò ẹranko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn; ọdún 1985 ni ìjọba wa sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí àwọn ẹranko tó lè parun. Gbogbo ìdílé òjòlá pátá ló wà nínú ìwé àdéhùn náà. Ẹranko tí orúkọ rẹ̀ bá wà nírú ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà lọ́wọ́ ọdẹ lábẹ́ igi. Yàtọ̀ sí òfin, ball python lè lo ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtọ́jú. Àwa tó jẹ́ pé sáà méjì péré ló kù wá nílé ẹ̀kọ́! Èyí tí wọ́n bá sì mú nínú igbó lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan gbáko. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìyẹn gan-an ni irú ejò tí òun ń wá.

Èyí tí ọmọ Òkè-Ògùn fẹ́ràn jù lẹ́yìn ìyẹn ni Calabaria. Ìlú Calabar, níbí ní Nàìjíríà, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Inú ilẹ̀ igbó kìjikìji ló ń gbé, lábẹ́ ewé tó ti jẹrà. Ara rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ láti òkè délẹ̀, ìrù rẹ̀ sì jọ orí débi pé ọ̀tá kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dà á láàmú, á fi orí gidi pamọ́, á wá máa mi ìrù kiri bí ẹni pé òun ni orí. Ọmọ eku tí ojú wọn kò tíì là ló ń wọlé lọ bá nínú ihò, tí yóò sì fi ara fún wọn mọ́ ògiri. A gbádùn ìtàn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òun náà wà nínú ìwé CITES, ilẹ̀ tútù ló sì ń fẹ́. Yàrá tiwa, òrùn máa ń dé ibẹ̀ kí àwa tó jí.

Ẹ̀kẹta ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ mú. Dasypeltis ni wọ́n ń pè é nínú sáyẹ́ǹsì. Ẹyin nìkan ló ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i títí dọjọ́ ikú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má léyín rárá. Á la ẹnu bo ẹyin tó ju orí rẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹyin náà bá wọ ọ̀fun, àwọn egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sínú á la èèpo rẹ̀. Á gbé omi inú rẹ̀ mì, á sì pọ èèpo jáde ní rírún bí ìwé tí ènìyàn fún lọ́wọ́. Kò sí ẹran pípa, kò sí eku, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń ṣírò owó ẹyin quail, àwọn ẹyin wẹ́ẹ́rẹ́ tó-tò-tó tí wọ́n ń tà nínú ike. A wá gbọ́ pé àgbà rẹ̀ nìkan ló lè gbé ìyẹn mì. Ẹyin ẹyẹ bíńtín ni ọmọ rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn ẹ̀ga pọ̀ lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gùn ún?

Èyí kọ́ ló lé wa sá. Ohun tó lé wa sá ni pé ejò yìí mọ ìṣe àfarawé. Àwọ̀ ara rẹ̀ jọ ti paramọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì bí i nínú, á máa fi ìpẹ́ ara ha ara wọn, á máa dún ṣììì, á máa ta síni bí ẹni tó lóró. A gbé àwòrán méjèèjì kalẹ̀ lórí fóònù, a ní kí ọmọ Òkè-Ògùn tọ́ka sí èyí tó lóró. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí a kò gbọ́ rí, bí a ti jọ gbé fún ọdún mẹ́ta tó.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ejò bù jẹ lóko iṣu, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òun náà wà níbẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin, wọ́n fi abẹ gbẹ́ ojú ibẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n dé kò ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ìkejì ní in, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Bàbá náà yè. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló fi lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí òun bá rí okùn nílẹ̀ lálẹ́, ara òun á gbọ̀n, àti pé ìdí tí òun fi ń wo fídíò ejò nìyẹn. Ó ti rẹ òun láti máa bẹ̀rù ohun tí òun kò mọ̀.

A kò sọ ohunkóhun. Ọmọ Oǹdó fi igi fa ìlà pa orúkọ Dasypeltis nínú ìwé. Ẹni tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa gbé ejò tó jọ paramọ́lẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò fi ọwọ́ kan náà gbé paramọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni Boaedon. Lókè òkun, ejò ilé Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Àwa ké e kúrú sí ejò ilé. Kò ní àràbarà kankan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kòkó tí wọ́n sá gbẹ, ara rẹ̀ ń dán, ìlà méjì tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan orí rẹ̀, ọ̀kan láti imú gba òkè ojú kọjá, ìkejì ní ìsàlẹ̀. Akọ rẹ̀ kéré. Abo lè tó mítà kan. Kò lóró, ńṣe ló máa ń wé mọ́ ohun tó bá mú títí èémí rẹ̀ á fi pin. Òru ló ń jáde. Eku àti ọmọńlé ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi jìnnà sí ilé ènìyàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kò sí ejò tó rọrùn láti sìn tó o. Síbẹ̀ àwọn olówó kì í fi ojú wò ó, nítorí kò ṣeé fi ṣe fáàrí. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé CITES. Ó bá gbogbo ohun tí a kọ mu, títí kan ìkẹfà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣírò rẹ̀ báyìí. Ike ńlá onídèérí, gígùn rẹ̀ bí apá méjì, ₦12,000. Ìdè ìdérí àti àgádágodo, ₦3,000, nítorí ibikíbi tí orí ejò bá ti lè kọjá, gbogbo ara rẹ̀ á kọjá. Abọ́ omi àti ìkòkò fífọ́ méjì tí yóò máa sá pamọ́ sí, ọ̀kan ní ìhà tó móoru, ọ̀kan ní ìhà tó tutù, ₦1,000. Ìṣó gbígbóná la ó fi dá ihò atẹ́gùn sí i, ìwé ìròyìn àtijọ́ la ó tẹ́ sínú rẹ̀. Ooru Ìbàdàn tó o, kò nílò iná kankan, kí òrùn ṣáà má ti kàn án tààrà. Ó ku ₦34,000. Eku funfun tí wọ́n sìn ní mímọ́ jẹ́ ₦1,500. Ọ̀kan lọ́sẹ̀, mẹ́rin lóṣù, ₦6,000. Owó náà á gbé wa dé oṣù márùn-ún, ₦4,000 á sì kù fún ọkọ̀ bí a bá ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ìgbà yẹn ni ọmọ Oǹdó béèrè pé, "Ẹ dúró ná. Ṣé eku la tún fẹ́ máa fowó rà?" A wo ara wa. Òótọ́ ni. A kò lè fún un ní eku inú ilé, nítorí ará yàrá kẹta ń lo oògùn eku, ejò tó bá sì jẹ eku olóògùn lè bá a lọ. Ejò kan á jẹ èkúté kan lọ́sẹ̀. Èkúté ilé wa ń bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ la wà mọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ èkúté mọ́. Ejò gan-an la fẹ́.

A lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1948 fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko. Bàbá kan tó ń tọ́jú àwọn ejò níbẹ̀ gbọ́ tiwa láìrẹ́rìn-ín. Ó yẹ ìwé ọmọ Ìjẹ̀bú wò, ó ní ìṣirò náà dára. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ẹni mélòó ló ń gbé ilé yín?"

"Mẹ́tàdínlógún ni wá, sà."

"Ṣé àwọn mẹ́rìnlá tó kù mọ̀?"

Gbogbo ohun tí a kọ sínú ìwé, kò sí èyí tó kan ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Bàbá náà ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ná. Ejò kì í sábà kú sínú àgò. Ọjọ́ tó bá jáde ló ń kú."

A pinnu pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó bá Màmá onílé sọ̀rọ̀. Ike wà nílẹ̀. A ti rà á. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀, kò sí iná, a gbọ́ igbe lẹ́yìnkùlé: "Ejò! Ejò o!" Kí a tó wọ bàtà, ariwo ti rọlẹ̀. Bàbá Ṣọlá dúró níwájú ilé ìkẹ́rù pẹ̀lú àdá, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn obìnrin ń kí wọn kú iṣẹ́. Ọmọ Òkè-Ògùn tan tọ́ọ̀ṣì sí ohun tó wà nílẹ̀.

Àwọ̀ kòkó. Ìlà méjì ní ẹ̀gbẹ́ orí.

Ikùn rẹ̀ wú láàárín. Nígbà tí ẹnì kan fi igi yí i, ìrù èkúté yọ níbi tí àdá gbà kọjá.

Ọmọ Òkè-Ògùn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ejò yìí ò lóró."

Bàbá Ṣọlá yíjú sí i. Inú kò bí wọn. Àárẹ̀ ló wà lójú wọn. "Nínú òkùnkùn, ta ló ń bi ejò léèrè orúkọ? Ṣọlá wà lẹ́sẹ̀ mi níbí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ méjì lọ nínú ìdílé tiwa, tí ọmọ wa sì wà lẹ́sẹ̀ wa, àdá ló máa kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwa náà. Màmá onílé da kẹrosíìnì lé e, wọ́n sun ún. A wọlé, a jókòó yí ike òfìfo ká. Ejò tí a ti ń wá kiri láti oṣù méjì, ẹ̀yìn yàrá wa ló ń gbé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá owó jọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá onílé. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ẹni mẹ́ta ló sanwó ilé lọ́wọ́ mi. N kò gba owó ejò." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ejò inú ike parí sí. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi owó náà ṣe ohun mìíràn. A ra sìmẹ́ǹtì àti wáyà nẹ́ẹ̀tì, a dí ihò tí èkúté ń gbà wọ inú yàrá. A kó igi ìdáná jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. A ra tọ́ọ̀ṣì méjì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè mú jáde lálẹ́. A tẹ ìwé aláwòrán kan mọ́ ògiri ilé ìdáná: àwọn ejò olóró mẹ́rin, ejò ilé kan, àti àwọn orúkọ tí àwọn àgbà ìlú wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ fún wa lórí fóònù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la kọ èyí sí: bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má dì í pinpin, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má lé ejò náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn, ẹ má jẹ́ kó mi ibi tí ó ti bù ú jẹ, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró. Ọmọ Òkè-Ògùn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Bí ẹ̀yin bá ṣì fẹ́ sin ejò, a ò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ka iye ọdún tó máa lò, kí ẹ ka iye tó kù yín nílé ẹ̀kọ́. Ẹ má ra èyí tí ọdẹ mú. Ẹ má sin èyí tó jọ olóró. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tí ẹ kò dá mọ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ẹ tó ra ike, ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn tí ẹ jọ ń gbé.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ṣọlá wá kanlẹ̀kùn ní alẹ́. "Bàbá mi ní kí ẹ wá wo nǹkan." Bàbá Ṣọlá dúró lókèèrè sí ìtì igi ìdáná pẹ̀lú ọ̀kan nínú tọ́ọ̀ṣì wa. Àdá wà lábíyá wọn. Lórí igi ni ejò kan wà, kò ju ìka ọwọ́ lọ ní fífẹ̀. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé òun ni?" Àwa náà kò sún mọ́ ọn. A yà á ní fọ́tò láti ibi tí a wà, a fi ránṣẹ́ sí Bàbá ọgbà ẹranko. A dúró, gbogbo wa, bíi mẹ́sàn-án nínú òkùnkùn, à ń wo ìlà méjì orí rẹ̀. Èsì dé: "Òun ni. Ẹ fi í sílẹ̀." Bàbá Ṣọlá sún ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ejò náà wọ inú igi lọ.

Ọmọ Oǹdó ti ń tún orí kejì rẹ̀ kọ. Orúkọ ejò ní àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ló wà nínú rẹ̀ báyìí, alábòójútó sì ti fi bírò pupa kọ "tún èyí wò" sí ojú ewé mẹ́ta. Inú ike onídèérí la ń kó o pamọ́ sí, pẹ̀lú gaàrí wa. Àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀. Èkúté kankan kò tíì rí i ṣí.